Ọkọ̀ Ìjàpá fún Ọjọ́ Sátidé

Ọkọ mi kì í tọrọ nǹkan. Irú ọkùnrin tó máa ń wọ bàtà kan títí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á fi máa kan ilẹ̀ ni, bí mo bá sì ra òmíràn fún un, á ní kí n ṣì gbé e pamọ́ ná. Nítorí náà, nígbà tó jókòó tì mí ní àárọ̀ Sátidé kan nínú ilé wa ní Ṣàngótẹ̀dó, tó ní òun fẹ́ ra ọkọ̀ kejì, mo rò pé jíìpù wa ló ti bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Ó ní rárá, jíìpù kò ṣe nǹkan kan. Ọkọ̀ tí òun ń wí yìí, ọkọ̀ fàájì ni, ti òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, kò ní bá wa dé ibi iṣẹ́ láé. Ó ti rí ọ̀kan ní Awoyaya lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan: ọkọ̀ ìjàpá aláwọ̀ ewé, irú àwọn ọkọ̀ kékeré róbótó ayé ọjọ́un, tí ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn, tí èèyàn ń fọwọ́ pààrọ̀ jíà wọn.

Mo wò ó títí. Mo ní, "Dádì, ṣé ara yín yá ṣá?"

"Ara mi yá," ni ó wí. "Ojú mi ni kò yá, ìwọ náà sì mọ̀."

Nínú ilé, "ẹ" ni mo máa ń pè é, bí àwọn tó tọ́ mi ṣe kọ́ mi. Lórí ìwé, ẹ jẹ́ kí n sinmi díẹ̀.

Lóòótọ́ ni mo mọ̀. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ rí dókítà ojú. Àìsàn náà kì í dun èèyàn. Ńṣe ló ń ti ojú láti ẹ̀gbẹ́ wá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa kọ́tìnì, títí á fi ku àárín nìkan, tí àárín náà á sì lọ. Dókítà ní òògùn tí a ń kán sójú lè fà á sẹ́yìn, kò lè wò ó sàn. Ó ní ọkọ mi ṣì lè wakọ̀ lọ́sàn-án níbi tí èrò kò bá pọ̀, ṣùgbọ́n kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ "múra" yẹn ni ọkọ mi gbé wálé. Mo rò pé ó túmọ̀ sí kó ta jíìpù, kó gba awakọ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tó túmọ̀ sí ni ìjàpá.

Awọnlẹ̀ ni ọkọ mi. Kí ilé tó bo gbogbo ibi tó wà láàárín Ajah àti Awoyaya, ó ti fẹsẹ̀ rìn ín nínú igbó àti àbàtà, ó ti dijú kan wò ó nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ ń gbé wa lọ sí Erékùṣù lójoojúmọ́, àwa méjèèjì, a sì di ará ojú títì. A máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, òun nídìí sítíárìn, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú ọkọ̀ yẹn la ti yan orúkọ ọmọ wa kékeré, ibẹ̀ la ti máa ń jà, ibẹ̀ náà la ti máa ń parí ìjà, nítorí kò síbi tí ẹnikẹ́ni lè gbà sá lọ.

Ó ní, "Ojú tó kù mí kù yìí, ṣé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni kí n fi wò tán?"

Mo dìde, mo lọ ro ẹ̀wà tí kò tíì fẹ́ ríro. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè lọ fi ọkọ̀ fàájì gbá ọmọ ọlọ́mọ, kí ayọ̀ di ẹkún mọ́ wa lọ́wọ́. Èyí tó jù ú lọ ni pé bí mo bá fi lè sọ pé kó lọ ra ọkọ̀ náà, mo ti gbà nìyẹn pé ojú rẹ̀ ń lọ. N kò tíì fẹ́ gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe agídí: lónìí mo ní kò síbi tí a máa gbé e sí, lọ́la mo ní òjò á wọ̀ ọ́. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn ń lọ sí Awoyaya ní Sátidé, á lọ jókòó sórí báńṣì mẹkáníìkì, á máa wo ọkọ̀.

Ọmọbìnrin wa ló fi ẹ̀rín sọ ọ́ fún àǹtí rẹ̀ lórí fóònù, kò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Àǹtí yìí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní Addo. Àwọn ló tọ́ ọkọ mi dàgbà, tí wọ́n rán an lọ sílé ìwé. Ọwọ́ wọn náà ni ìyá wọn kú sí, irú àìsàn ojú kan náà ló sì mú ìyá yẹn. Ọdún pípẹ́ ló fi wà nínú òkùnkùn kó tó kú. Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi ní a kò gbọ́dọ̀ sọ ti ojú òun fún wọn. Ó ní òun kò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n òun kí òun sọ pé ohun tí wọ́n sin lọ́jọ́ yẹn ti padà wálé.

Wọ́n dé lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, gèlè ṣì wà lórí wọn. Wọn kò mu omi tí mo gbé fún wọn. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní kó dìde, ó jókòó.

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ ra ìjàpá," ni wọ́n wí. "O lọ́kọ̀ nílẹ̀, o fẹ́ ra òmíràn tó dàgbà jù ọ́ lọ. Ilé tí à ń kọ́ lábúlé kò tíì kan òrùlé. Kí lo fẹ́ fi ìjàpá ṣe?"

"Fàájì ni, Àǹtí mi," ni ọkọ mi wí.

"Fàájì! Pẹ̀lú ewú lórí? Ṣàlàyé fún mi kó yé mi."

Kò lè ṣàlàyé. Bó bá sọ ìdí rẹ̀, àṣírí tú. Bí kò bá sì sọ ọ́, ó di àgbàlagbà tó ń ṣe bí ọmọdé. Ó tẹjú mọ́ kápẹ́ẹ̀tì. Mo mọ̀ pé ó máa tó sọ pé òun kò rà á mọ́. Ní ìṣẹ́jú yẹn ni mo tó mọ̀ pé n kò fẹ́ kó sọ bẹ́ẹ̀.

Àǹtí yíjú sí mi. Bó ṣe rí nìyẹn nílé ọkọ: bí ọkùnrin bá ṣe ohun tí kò yé ará ilé rẹ̀, ojú ìyàwó ni wọ́n máa ń wò. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Èmi ni. Èmi ni mo ní kí wọ́n bá mi rà á. Ó ti ń wù mí láti kékeré."

Irọ́ gbuu ni. Ọkọ mi gbé orí sókè.

"Ìwọ?" ni Àǹtí wí. "Ṣé o mọ̀ ọ́n wà ni?"

"Mo ń kọ́ ọ lọ́wọ́, mà." Ìyẹn tún ni irọ́ kejì. Jíìpù tó ń pààrọ̀ jíà fúnra rẹ̀ nìkan ni ọwọ́ mi mọ̀.

Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ọjọ́ tí mo ti wọlé àwọn, n kò tíì la ẹnu tọrọ nǹkan kan, bó bá wá jẹ́ pé ìyàwó ló ń tọrọ, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, wọ́n ṣàdúrà pé màá rà á, màá lò ó, kò ní lò mí, ẹ̀jẹ̀ kò ní kàn án. Mo ń ṣe àmín. Wọ́n wá ní, "Ìròyìn ò tó àfojúbà o. Ọjọ́ tí o bá mọ̀ ọ́n wà, ìwọ fúnra rẹ ni kí o wà á wá kí mi ní Addo."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ẹni tí àgbà ilé ọkọ ti gbé ọwọ́ lé lórí torí nǹkan, tó sì ti ṣe àmín, kò tún lè wá sọ pé òun kò fẹ́ nǹkan náà mọ́. Bí ọ̀rọ̀ ríra ìjàpá ṣe parí nìyẹn nílé wa. Lẹ́yìn tí Àǹtí lọ, ọkọ mi wọ ilé ìdáná, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ abọ́ tí mo ti fọ̀.

"O purọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi," ni ó wí.

"Mo pa á."

"O ṣé." Ó tún fọ abọ́ kan náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí ọkọ̀ dé, mo ní bó bá jẹ́ orogún kúkúrú bí èyí ni, màá fara dà á. Kíkọ́ rẹ̀ ni mi ò fara dà. Ẹ̀yìn ẹ̀sítéètì wa la ti ń kọ́ ọ, níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé sí. Bí mo bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, tí mo gbé ẹsẹ̀ kúrò níbẹ̀, ọkọ̀ á ta kẹ́ẹ́, á kú. Àwọn bíríkìlà á dá iṣẹ́ dúró. "Ìyá, ẹ fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́!" ni wọ́n á máa ké láti orí àkàbà. Inú á bí mi, màá yíjú sí ọkọ mi pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn níṣẹ́. Á rẹ́rìn-ín títí omi á fi máa bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omijé ṣan òògùn tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kán fún yín dànù," ni màá wí.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, òun á gbà á lọ́wọ́ mi, a óò sì kọrí sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ní àárọ̀ kùtù Sátidé, nígbà tí ojú títì bá dá. Gíláàsì á wà nílẹ̀, atẹ́gùn á máa fẹ́ wa. Á máa fi hàn mí: ibí yìí, omi dé mi láyà níbẹ̀ rí, ibi ilé epo yẹn, igi àgbọn nìkan ló wà níbẹ̀. Ọdún tí mo ti ń gba ọ̀nà yẹn pọ̀, n kò mọ̀ pé ó ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú. Inú mi ń dùn. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí n kò sọ ọ́ fún un tó nígbà náà.

Ọjọ́ tí a fẹ́ lọ sí Addo pé. Ó ní òun á wà á dé ìtòsí ilé Àǹtí, kí n wá gbà á níbẹ̀. A ti ń sún mọ́ Ajah nígbà tí kẹ̀kẹ́ márúwá kan yọ láti ọwọ́ òsì, gbangba, nínú oòrùn. Mo rí i. Mo rò pé ọkọ mi náà rí i. Kò dín eré kù rárá. Mo figbe ta, ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ìbú ọwọ́ kan ló kù ká gbá kẹ̀kẹ́ náà.

Ẹni tó ń wà á yọrí síta. "Bàbá, ṣé ẹ fọ́jú ni?"

Ohun tí gbogbo èèyàn ń bú ara wọn lójú títì nìyẹn, ọkùnrin náà kò ní in lọ́kàn. Ọkọ mi yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí sítíárìn.

"Kò purọ́," ni ó wí.

Mo ní kí á padà sílé. Mo ní màá bá Àǹtí sọ̀rọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ tọ́ ara ọkọ̀ yí ká ẹ̀yìn, ó wá ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ mi. Ó ní, "Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi ń retí ìyàwó tó ń wakọ̀." Bí mo ṣe gba sítíárìn nìyẹn, ẹkún ń gbé mi, gbogbo ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn sì ń fun fèrè mọ́ mi títí dé Addo.

Àǹtí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n rí mi nídìí sítíárìn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó, wọ́n bu omi tútù, wọ́n ń wọ́n ọn sí táyà, wọ́n ń pè mí ní abiyamọ tó ń wa ìjàpá. Ọkọ mi ṣílẹ̀kùn. Gọ́tà wà láàárín òun àti ẹnu ọ̀nà. Kó tó gbé ẹsẹ̀, ó kọ́kọ́ fi orí bàtà rẹ̀ wá etí gọ́tà náà.

Ijó dá lẹ́sẹ̀ Àǹtí. Wọ́n wo bàtà yẹn, wọ́n wò mí. Mo wo ilẹ̀. Wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀, wọ́n lọ di ọrùn ọwọ́ àbúrò wọn mú, wọ́n rọra ní, "Gọ́tà rèé, ẹsẹ̀ ọ̀tún," wọ́n sì mú un wọlé.

Nídìí oúnjẹ, ẹran inú abọ́ tiwọn ni wọ́n ń gbé sínú ti ọkọ mi, wọ́n ń sọ̀rọ̀ òrùlé ilé abúlé. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọ́n wá síbi fèrèsé mi.

"Ìyàwó. Ìwọ lo ní ó wù ọ́ láti kékeré."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ṣé é," ni wọ́n wí, wọ́n fi etí gèlè nu ojú wọn, wọ́n ní kí n máa rọra.

Lójú ọ̀nà àbọ̀, jíà kẹta kò wọlé fún mi. Bí mo ṣe ń tì í ló ń pariwo, mo sì ti ń bínú sí i. Ọkọ mi gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi. Mo yọ tèmi kúrò lábẹ́ rẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́," ni ó wí. Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó tì í, ó wọlé wẹ́rẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni ọkọ mi ń dá mọ̀ báyìí. A ṣì ń jáde ní Sátidé. Kì í wo nǹkan kan, ẹ́ńjìnnì ló ń gbọ́, ó sì máa ń mọ ìgbà tó yẹ kí á pààrọ̀ jíà kí èmi tó mọ̀. Mo ti kọ́ jíà náà mọ̀ tipẹ́, mo lè dá a ṣe. N kì í na ọwọ́ sí i. Mo kàn máa ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ rẹ̀ á ti wà níbẹ̀.