Ariwo Ìdí Ọkọ̀ Bàbá Mi

Kí ọkọ̀ bàbá mi tó yọ lójúde wa ní Ìjan, etí ti ń gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ ọjà. Kẹ́ẹ̀, gbàù, kẹ́ẹ̀, gbàù, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń ké. Àwọn ará àdúgbò á ní, "Ọ̀gá tísà ti ń bọ̀ o." Bàbá mi kórìíra ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ayé rẹ̀ ló sì fi sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n yé pariwo. Kí ọkọ̀ tirẹ̀ wá máa pariwo láàárín ọjà, ojú ń tì í gan-an.

Bó bá ṣe ti ojútì nìkan ni, ẹ̀rín ni ǹ bá fi í rín. Ìyá mi ni ọ̀ràn náà ká mọ́. Àsìkò tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún olóṣèlú ni, èmi sì ń ṣe tísà ní Adó. Ìrora kan ti mú ìyá mi ní ìbàdí láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò lè jókòó pẹ́, kò lè dúró pẹ́. Dókítà ní Adó ní kí a máa gbé e wá gba abẹ́rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo máa ń lọ sílé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Láàárọ̀, a ó kó ìrọ̀rí àti aṣọ sí àga ẹ̀yìn ọkọ̀, a ó tẹ́ ìyá mi lé e lórí, bàbá mi á wakọ̀, èmi á jókòó níwájú, ọrùn mi á sì máa yí sẹ́yìn títí. Gbogbo ibi tí ọ̀dà ti ṣí lójú ọ̀nà Ìjan sí Adó, ìdí ọkọ̀ á gbá gbàù, ìyá mi á di àga mú. Tí a bá bi í pé kí ló dé, á ní, "Ọkọ̀ yín yìí ni. Ó ń fọ́ mi léegun."

A gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà tiẹ̀ ń tù wá nínú, nítorí ọkọ̀ ṣeé tún ṣe.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ dáwọ́ lé e. Ní ilẹ̀ tiwa, ohunkóhun tó bá ń ṣe agídí, epo pupa la fi ń bẹ̀ ẹ́. Epo la fi ń pa ọmọ lára bí ara rẹ̀ bá gbóná, epo la fi ń pa ìdè ilẹ̀kùn tó bá ń ké. Epo ni ẹ̀rọ̀. Kò sí ìwé tí èèyàn kà tó lè yọ ìyẹn kúrò lórí rẹ̀. Báyìí ni bàbá mi, tó kọ́ àìmọye ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àti ewéko, ṣe ń tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀ láràárọ̀ Sátidé. Á ti ìyẹ́ adìyẹ bọ epo, á máa fi kun gbogbo oríkèé irin tó ń dún. Lọ́jọ́ tó bá kùn ún, ọkọ̀ á pa rọ́rọ́. Kò ní pẹ́, ariwo á tún dé, á sì burú ju ti àná lọ. Bàbá á tún bu epo. Ó ń ṣe mí bíi pé epo náà gan-an ló ń dá kún un, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un? Ẹni tó na èmi náà ní kíláàsì? Inú ń bí mi.

Mo rọ̀ ọ́ títí, ó gbà kí a gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan ní Adó. Mùsùlùmí ni, ọkùnrin sísanra, ẹlẹ́nu fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, tó máa ń yin ara rẹ̀ kí ẹlòmíràn tó ráyè yìn ín. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi ìtì igi tì í, ó tú taya, ó da kẹrosíìnì sí bóòtù tó ti dípẹtà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi òòlù lù ú. Ó fi yé wa pé rọ́bà kan wà níbi tí irin ẹ̀yìn ọkọ̀ ti so pọ̀ mọ́ra, kí irin má baà máa gbá irin. Búùṣì ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí tiwa jáde, ó rọ̀ jọ̀ọ̀jọ̀ọ̀ bí ẹ̀kọ tó ti kan.

"Èèdì rèé! Ta ló da epo sí rọ́bà yìí?"

Bàbá mi tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Èmi ni," ó ní.

Mẹkáníìkì wo ewú orí rẹ̀, mo sì rí bó ṣe gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. "Ẹ kú uṣẹ́, Bàbá," ó ní. "Ẹ gbìyànjú gan-an ni. Ṣùgbọ́n èyí tí a ó fi sí i báyìí, ẹ bá mi jẹ́ kó gba ààwẹ̀."

Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ìgbà tí a dé ilé ló bú sẹ́rìn-ín lóun nìkan lórí oúnjẹ. Láti ọjọ́ náà kò fi epo kan ìdí ọkọ̀ mọ́.

Ohun tó kù ni pé kò sí búùṣì tuntun ní gbogbo Adó. Mẹkáníìkì ní kí a fọkàn balẹ̀, ó gé rọ́bà lára taya ọkọ̀ akẹ́rù tó ti gbó, ó dá a lu, ó kàn án wọlé. Ó ní gbogbo ọkọ̀ Èkìtì ló ń fi irú rẹ̀ rìn. Wọ́n lè máa fi í rìn lóòótọ́, kì í ṣe ọkọ̀ tó gbé ìyá mi. Rọ́bà náà le bí òkúta. Bí taya bá ti bọ́ sí kòtò, ìbàdí ìyá mi ló ń bọ́ sí tààrà. Lọ́sẹ̀ yẹn ó sunkún nínú ọkọ̀. Mi ò rí i kó sunkún rí, àfi níbi òkú. Mo bínú sí mẹkáníìkì, mo bínú sí àwọn tó yẹ kí wọ́n da ọ̀dà sójú ọ̀nà, mo bínú sí bàbá mi tó ń wakọ̀ jẹ́jẹ́ tó ń kí ìyá mi ní pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Ìbínú náà kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a gba ìsinmi níléèwé, mo wé búùṣì jíjẹrà kan sínú bébà, mo gbé e lọ sí Àkúrẹ́. Wọn ò ní irú rẹ̀. Mo bá ọ̀nà lọ sí Ìbàdàn, mo ń ti ìsọ̀ kan bọ́ sí èkejì, mo ń na nǹkan ìdọ̀tí náà sí wọn bí ẹni ń ṣe bárà. Àwọn kan fi ohùn Èkìtì mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá àgbà kan ló wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ lọ tó bá mi rí i. Bí mo ṣe ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, orí itan mi ni mo gbé e sí, mi ò jẹ́ kó kan ilẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín. Mo gbà tọkàntọkàn pé ìlera ìyá mi ni mo gbé dání.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ la tún gbé ọkọ̀ lọ, nítorí náà ìyá mi wà pẹ̀lú wa. A tẹ́ ẹní fún un lábẹ́ igi máńgòrò tó wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì yọ rọ́bà taya dànù, ó fi bébà oníyanrìn ha ojú ihò irin náà, ó fi omi ọṣẹ pa búùṣì tuntun lára, ó fi òòlù ti gbogbo wọn wọlé. Lẹ́yìn náà ó dá taya padà, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó wá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú sípánà.

"Ẹ jẹ́ kí ẹni tó máa ń wà lẹ́yìn wọlé," ó kígbe láti ìsàlẹ̀. "Bí ẹrù ọkọ̀ bá ṣe máa ń rí ni kó rí kí n tó dè é pa. Bí mo bá dè é lófìfo, rọ́bà á lọ́, á sì ya."

Èmi àti bàbá mi gbé ìyá mi, a tẹ́ ẹ sórí àga ẹ̀yìn bí a ṣe máa ń ṣe. A dúró. A ò gbọ́ ìró sípánà.

"Ẹ gbé Màmá wọlé o," ni mẹkáníìkì wí.

"Wọ́n ti wọlé," bàbá mi dáhùn.

Ó tún fọwọ́ wọn ìdí ọkọ̀ wò. "Bàbá, éè wálẹ̀ o. Ọkọ̀ éè wálẹ̀ rárá."

Ó rá jáde, ó na ọrùn wo inú ọkọ̀, ó rí ìyá mi níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ yẹn fi àkísà nu ọwọ́. Ó yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé tì wọ́n."

Mo wọlé, mo gbé orí ìyá mi lé itan. Mo mọ̀ ọ́n lára bí ọkọ̀ ṣe rọra wálẹ̀ lábẹ́ mi. "Ó ti wálẹ̀," ni mẹkáníìkì wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dè é. Mo wo ìyá mi, obìnrin tó máa ń ru iṣu láti oko tí yóò tún pọn mí sẹ́yìn. Láti ìgbà wo ló ti fúyẹ́ tó báyìí? Èmi àti bàbá mi la ń gbé e wọ ọkọ̀, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó sì ń rọrùn sí i. A rò pé ó ti mọ́ wa lára ni. Ẹ̀rù bà mí, mi ò sì lè sọ ọ́ fún bàbá mi, tó dúró síta tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, a kọrí sílé. Mi ò padà síwájú mọ́, ẹ̀yìn ni mo wà, orí rẹ̀ lórí itan mi. Ọkọ̀ náà ń yọ́ rìn. Bàbá mi ń súfèé orin ìjọ, ó ń fi ìka gbá ọwọ́ ìwakọ̀. "Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́?" ó ní. "Ìyá, ẹ gbọ́?"

A dé ibi tí ọ̀dà ti ṣí. Ọkọ̀ rọra wọ inú kòtò, ó rọra jáde, kò gbá, kò ké. Ṣùgbọ́n ohùn kan ń dún, tíntín, láti ẹ̀yìn. Bàbá mi dá súfèé dúró. "Ó kù síbì kan," ó ní. "Kò tíì ṣe é tán. Ó kù síbì kan tó ń dún."

Ó dúró sẹ́bàá ọ̀nà, ó bọ́ sílẹ̀, ó bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ lọ sílẹ̀, ó gòkè, kò dún. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Òógùn bò ó. Ìyá mi gbé ọwọ́ sókè, ó ní kí n bá òun pè é wá sójú fèrèsé.

"Bàbá," ó ní, "ẹ yé dá ọkọ̀ lẹ́bi. Ọkọ̀ ti dára. Éè ṣe ọkọ̀, èmi ni. Ó pẹ́ tí mo ti ń kérora, ariwo ọkọ̀ ló ń bò ó."

Bàbá mi dúró níbẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú. Ó nawọ́ wọlé, ó tún ìrọ̀rí ẹsẹ̀ ìyá mi ṣe. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí ọwọ́ ìwakọ̀, a gbéra. Kò súfèé mọ́. Láti ibẹ̀ títí a fi dé Ìjan, kò sí ìkérora rẹ̀ tí a ò gbọ́.