Káàdì Eyínmẹ́nugún

Òórùn yàrá káàdì kì í kúrò nímú ẹni tó bá ti bá a gbé rí. Ìwé tó ti pẹ́ nínú ooru, káńfọ̀ tí mo máa ń jù sáàárín àpótí kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n, ìsáàlì tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ láràárọ̀, àti àgbo tí àwọn aláìsàn ti mu nílé kí wọ́n tó wá, tí wọ́n á sì máa búra pé àwọn ò mu nǹkan kan. Títí dòní, bí mo bá ṣí àpótí aṣọ mi tí káńfọ̀ fẹ́ sí mi nímú, mi ò ní rí aṣọ mọ́. Fèrèsé kékeré tí mo ti ń yọ káàdì fún àwọn aláìsàn ni n óò rí, nílé ìwòsàn wa ní Ẹdẹ níbí, àti orí àwọn èèyàn tó kó jọ síbẹ̀ bí adìẹ tó ń retí àgbàdo.

Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Kì í ṣe ìwé ló jẹ́ kí n pẹ́ níbi iṣẹ́ náà, orí mi ni. Bí èèyàn bá dárúkọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Mi ò gbàgbé Ráṣídì tí ikọ́ fée ń yọ lẹ́nu, mi ò gbàgbé Mojísọ́lá tó bí ìbẹta, mi ò sì gbàgbé Bàbá Làmídì tó ń wá torí ẹ̀jẹ̀ ríru tó sì ń bú gbogbo nọ́ọ̀sì. Ìyá Káàdì ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n á kàn yọjú, ọwọ́ mi á ti wà nínú àpótí. Nọ́ńbà wà lára káàdì o, òfin sì ni pé ká fi nọ́ńbà tò wọ́n, ṣùgbọ́n èmi ò jẹ́ dá nọ́ńbà lóhùn. "Nọ́ńbà kì í kí èèyàn kú àárọ̀," ohun tí mo máa ń wí nìyẹn, àwọn èèyàn á sì rẹ́rìn-ín. Bí ẹnu mi bá ṣe ń pe èèyàn ni mo ṣe ń to káàdì rẹ̀ ní A, B, D. Mojísọ́lá, ẹ wá a ní I, torí Ìyá Ìbẹta ni mò ń pè é.

Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan wà tí mi ò lè pe orúkọ rẹ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ agboolé ọkọ mi, ọmọbìnrin kan tí ò ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ ló gbé omi wá tí wọ́n fi fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò ọkọ mi ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, ì báà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín sí mi, eyín rẹ̀ tò bí àgbàdo tútù, mo sì sọ ọ́ ní Eyínmẹ́nugún. Òun náà ń pè mí ní Ìyàwó Wa. Ó lọ sílé ọkọ ní àdúgbò kejì, ó bímọ, irun àwa méjèèjì funfun, orúkọ méjèèjì ò yí padà. Bí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, n óò yà lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó jọ bó ẹ̀pà, a ó sì jọ rántí bí mo ṣe fẹsẹ̀ kọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Ọmọ ìkẹyìn rẹ̀ ni Múnírátù. Òun ló lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ilé ìwòsàn. Ìyá rẹ̀ ò kọ́kọ́ lóye rẹ̀. "Ìyàwó Wa, ẹ bá mi bi í," ó wí, "kí ni èèyàn fẹ́ máa ṣe nílé ìwòsàn tí ò ní gúnni lábẹ́rẹ́?" Múnírátù ní àwọn ni àwọn máa rí sí i pé abẹ́rẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó dé. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Mo ń rántí ẹ̀rín yẹn nísinsìnyí, ó sì ń ta mí láyà.

Lọ́dún kejì rẹ̀, olùkọ́ wọn ní kí kálukú lọ jókòó ní ẹ̀ka kan nílé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, kó kọ ohun tó dára níbẹ̀ àti ohun tó kù díẹ̀ káàtó, kó sì sọ bí òun ì bá ṣe tún un ṣe. Asáìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè é, òun ló sì gba máàkì jù nínú kọ́ọ̀sì náà. Níbo ni Múnírátù yóò lọ bí kò ṣe ọ̀dọ̀ mi? Ó wá tòun ti ìwé àti aago ọwọ́. Láti ìgbà tí aláìsàn bá ti dé ojú fèrèsé títí káàdì rẹ̀ yóò fi bọ́ sọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó ń ka ìṣẹ́jú. "Ìṣẹ́jú kan ò tíì pé, Màmá," á wí, á mi orí. Orí mi ń wú bíi bàlúù.

Lọ́sẹ̀ kejì, mo lọ kí ìrun Àìlà, mo ní kó bá mi dúró. Ìgbà tí mo fi máa padà, èrò ti kún ojú fèrèsé. Bàbá Làmídì ló kọ́kọ́ rí mi. "Ìyá Káàdì, ẹ gbà wá o! Ọmọ yín ní ẹ̀jẹ̀ mi kò ga tó, ó fẹ́ bá mi gbé e sókè sí i!" Èèyàn mẹ́jọ ló ti bèèrè káàdì, ti ẹni méjì ló rí. Mo bọ́ sídìí àpótí, mo yọ mẹ́fà tó kù kí ẹ tó ṣẹ́jú. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo tilẹ̀ tẹríba.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Múnírátù bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Màmá, káàdì ìyá mi ńkọ́? Mo wá a ní S, kò sí níbẹ̀."

"Èwo ni S? Wò ó ní E."

Ó yọ ọ́. Eyínmẹ́nugún ni mo kọ sókè rẹ̀, kò sí orúkọ mìíràn. Lábẹ́ rẹ̀ ni mo ti fi bíírò pupa kọ ọ́ gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un ní pẹnisílíìnì, torí wọ́n fún un nígbà kan, gbogbo ara rẹ̀ wú, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fẹ́ dí, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Dókítà ní kí n kọ ọ́ kó hàn, mo sì kọ ọ́ kó hàn. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń sọ ìtàn orúkọ náà fún un. Múnírátù ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ń kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

Ó ka ohun tó kọ fún mi nílé kó tó lọ fún olùkọ́. Ó yìn mí o, kò purọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó dé ibì kan tó ní: "Inú orí ẹnì kan ṣoṣo ni yàrá káàdì yìí wà. Lọ́jọ́ tí ẹni náà kò bá wá síṣẹ́, yàrá náà kò wá síṣẹ́." Ó wá fi káàdì ìyá rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ojú ìwé méjì gbáko.

Ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé wọn yóò fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mátírọ́ọ̀nù, ọ̀gá wa nílé ìwòsàn. "Èmi ni ẹ̀bi tí o rí kà fún olùkọ́ rẹ?"

Ó ti kúnlẹ̀. "Màmá, mi ò dárúkọ yín níbẹ̀."

"Ta ló tún wà nínú yàrá káàdì? Eku?"

"Ẹ máà bínú, Màmá. Olùkọ́ wa ní ká sọ àléébù ni."

"Yọ ọ́ kúrò. Bí èmi bá jẹ́ aya ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, yọ ọ́ kúrò."

Ó yọ ọ́. Níwájú mi ló ti fa ojú ìwé méjèèjì ya, ó gbé wọn lé mi lọ́wọ́. Nígbà tí asáìmẹ́ǹtì náà padà, olùkọ́ ti kọ ọ́ sí i pé irú ilé ìwòsàn tí kò ní àléébù kankan báyìí, òun ò tíì rí i láyé, ó sì ní kó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe. Ó fà á sẹ́yìn láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àní fún ìyá rẹ̀. Èmi sì ń sọ kiri agboolé pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni Múnírátù. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi yìí náà ni.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, mo gba àyè ọjọ́ kan láti lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní ìlú Ara. Mo fi fóònù sínú báàgì, báàgì wà ní yàrá, èmi wà níta tí mò ń pín àkàrà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ibà gbé Eyínmẹ́nugún ṣánlẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ kan, Ìyá Wàsíù, bá a nílẹ̀ tó ń ṣàrán, ó gbé e sórí ọ̀kadà, ó gbá a mú láti ẹ̀yìn títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì Fúnmiláyọ̀ bi í léèrè orúkọ, Ìyá Wàsíù dárúkọ rẹ̀ gan-an bó ṣe yẹ. Wọ́n wá a ní S. Wọ́n wá orúkọ ọkọ rẹ̀. Wọ́n pè mí lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹta. Ara rẹ̀ ń jó bí iná, wọn ò lè máa dúró dè mí, wọ́n ya káàdì tuntun fún un, wọ́n sì gún un ní abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì. Wọn ò jẹ̀bi. Ẹni tó bá ní wọ́n jẹ̀bi, kó wá bá mi.

Ìgbà tí mo rí ìpè mẹ́ta yẹn, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo ń kánjú. Mátírọ́ọ̀nù ló dúró dè mí lẹ́nu géètì. Ó di ọwọ́ mi mú. N ò lọ síbi tí wọ́n tẹ́ òkú rẹ̀ sí. Yàrá káàdì ni ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ, ọwọ́ mi sì wọ inú E láìwò. Òun ló ṣe ìkẹta láti iwájú. Bíírò pupa náà ò tilẹ̀ ṣá. Mo kọ ọ́ kí gbogbo ayé lè rí i, mo wá fi í síbi tó jẹ́ pé èmi nìkan ló lè rí i.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Mo ki káàdì náà bọ abẹ́ ìró mi. Mo gbé e lọ sílé, mo bá wọn sin òkú, mo bá wọn gbàlejò, gbogbo ẹni tó wá kí wa ń sọ pé, "Ìyá Káàdì, ẹ kú ìdárò, àyànmọ́ ni," èmi náà ń dáhùn pé àyànmọ́ ni. Ó di ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn fìdáù, kí n tó lè pe Múnírátù wọ yàrá. Mo kó káàdì náà àti ojú ìwé rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo gbé pọ̀n.

Kò jẹ́ kí orúnkún mi kan ilẹ̀ tán. Ó wo káàdì náà, kò fọwọ́ kàn án. "Mo mọ ibi tó wà, Màmá. Ìgbà tí wọ́n pè mí nílé ẹ̀kọ́ pé abẹ́rẹ́ ni, mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n yọ ọ́ kúrò."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ì bá sàn fún mi kó fi ìbínú sọ ọ́. Ó tún wí pé, "Ẹ pe orúkọ wọn, Màmá. Lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu yín rí."

Mo la ẹnu, kò jáde. Ó ń wò mí, kò ràn mí lọ́wọ́, kò sì yẹ kó ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tó yá, mo pè é. Sìdíkátù. Ohùn mi dà bí ohùn ẹni tó ń pe àlejò lójú fèrèsé. Múnírátù bú sẹ́kún nígbà náà, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ní Mọ́ńdè, mo mú káàdì náà lọ bá mátírọ́ọ̀nù fúnra mi. Wọ́n kọ ìwé ìbáwí sí mi, mo sì fẹ̀yìn tì ṣáájú ọjọ́ mi. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, èmi àti Múnírátù jókòó sínú òórùn káńfọ̀ yẹn, mò ń sọ orúkọ àbísọ kálukú fún un, òun ń fi nọ́ńbà tò wọ́n, títí a fi tò ó dé orí ẹni ìkẹyìn. Ó dá ojú ìwé méjèèjì padà sínú asáìmẹ́ǹtì rẹ̀. Ó yege. Ilé ìwòsàn kan lókè ọ̀hún ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ó sì ń wá kí mi lọ́dún, a jọ ń bó ẹ̀pà. Mi ò bi í léèrè bóyá ó ti dárí jì mí. Ẹ̀rù ìdáhùn rẹ̀ ń bà mí.

Ọ̀wọ̀ ni mo pè é nígbà náà, ọ̀wọ̀ ìyàwó sí ọmọ ilé, ọ̀wọ̀ ọmọdé sí àgbà. Mi ò sọ pé ọ̀wọ̀ ò dára. Àmọ́ mo ti mọ̀ báyìí pé ìgbéraga mi ló wọ aṣọ ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ tí mo ní kí ọmọ yẹn fa ìwé rẹ̀ ya. Ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, bí mo bá ń ṣe àdúà fún àwọn òkú wa, òun ni mo kọ́kọ́ ń pè, orúkọ rẹ̀ gan-an, ketekete: Sìdíkátù. Àwọn obìnrin ilé ní kò yẹ, pé kí n pè é bí mo ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀, pé Ọlọ́run mọ ẹni tí mò ń wí. Òótọ́ ni, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Èmi náà mọ̀ ọ́n.