Dígí Kan ní Yàrá Má-Fi-Ṣòfò

Àga rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Ó kẹ̀yìn sí gbogbo ohun tó kù: àwọn pẹpẹ, ilẹ̀kùn, àti ẹnikẹ́ni tó bá wọlé. Ìdí nìyẹn táwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pè é ní Màmá Kẹ̀yìn-Síwa. Ó mọ̀. Kò bínú. Ó ti gbọ́ orúkọ tó burú jùyẹn lọ nígbà tó ń gbálẹ̀ ilé àwọn ọkùnrin.

Yàrá ìfọṣọ àtijọ́ ni yàrá náà, lẹ́yìn ilé táwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbé. Òórùn ọṣẹ ò tíì kúrò lára ògiri. Nígbà tí Màmá ṣì jẹ́ agbálẹ̀, gbogbo ìparí ọdún ló máa ń rí àwọn ọmọ tó ń lọ sílé tí wọ́n ń da ohun tó dáa sínú ìdọ̀tí. Aṣọ ìtẹ́bẹ̀ẹ̀dì. Bàtà. Ìwé. Kẹ́túlù tó ṣì ń ho omi dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà wọ́n. Ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń kó wọn sí yàrá ìfọṣọ tẹ́nikẹ́ni ò lò mọ́, káwọn tí kò ní lè wá mú. Àwọn aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì gbọ́, inú wọn dùn. Wọ́n kun ilẹ̀kùn ní àwọ̀ ewé, wọ́n kọ YÀRÁ MÁ-FI-ṢÒFÒ sí i lára, wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Màmá, wọ́n ní kó máa mójú tó ibẹ̀.

Kíkẹ̀yìn yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọbìnrin kan wọlé, ó gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì kan mọ́ àyà, ó wẹ̀yìn, ojú òun àti ti Màmá bá ṣe mẹ́rin. Ọmọ náà dá bùláńkẹ́ẹ̀tì padà. Ó ṣe bí ẹni tó ṣìnà. Ó jáde. Òtútù sì mú gan-an lọ́sẹ̀ yẹn. Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Màmá ti yí àga.

Òfin ò pọ̀. Ẹni tó bá nílò kó mú. A kì í bèèrè. A kì í wò.

Kì í wò, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́. Ó mọ ẹni tó máa ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó mọ ẹni tó máa ń húkọ́ kó tó fọwọ́ kan nǹkan. Ó mọ onísílípáàsì kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún pà, pà, pà, bí ẹni ń gbá ọmọ nídìí.

Ọ̀nà ilé ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ní oríta tó ti máa ń sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan máa ń tẹ́ ọjà àlòkù sílẹ̀. Màmá ti ń kọjá lára rẹ̀ tipẹ́, kì í wò ó. Lọ́jọ́ kan, ojú rẹ̀ bá kẹ́túlù kan. Òwú pupa yí ọwọ́ kẹ́túlù náà ká. Màmá ló fọwọ́ ara rẹ̀ yí òwú yẹn mọ́ ọn, torí pé ọwọ́ rẹ̀ ti là, ó sì ń jó èèyàn.

"Ẹ kú ọjà o."

"Ẹ ṣé, Màmá. Ṣé kẹ́túlù lẹ fẹ́? Mo lè ṣe é dáadáa fún yín."

"Níbo lẹ ti rí i?"

Ọlọ́jà gbójú sókè. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín ni?"

"Mo kàn ń bèèrè ni."

"Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń kó wọn wá. Ọmọ yẹn ga. Tó bá dúró síbi tẹ́ ẹ dúró sí yìí, oòrùn ò ní kan ọjà mi mọ́."

*Ń kó wọn wá.* Kì í ṣe ẹyọ kan, nìyẹn. Màmá wo ilẹ̀ dáadáa. Kẹ́túlù tí ìdérí rẹ̀ ya díẹ̀. Òmíràn tó dúdú nídìí. Kò sí èyí tí kò mọ̀ níbẹ̀.

Nílé, àbúrò rẹ̀ obìnrin ń rán aṣọ ní pálọ̀. Télọ̀ ni, àwọn méjèèjì ló jọ ń gbé. Màmá ro gbogbo ẹ̀ fún un, kò tiẹ̀ tíì bọ́ bàtà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni àbúrò wí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kúrò lórí ẹ̀rọ, "ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n wá mú?"

"Mo ní kí ẹni tó nílò wá mú. Mi ò ní kí wọ́n lọ tà."

"Ẹ sì kẹ̀yìn. Ẹ kẹ̀yìn, ẹ tún fẹ́ rí." Ó fi eyín já òwú. "Ẹ mú ọ̀kan nínú méjèèjì."

Kí ilẹ̀ tó mọ́, Màmá ti rò ó títí. Nígbà tó sì dé ibi iṣẹ́, Ọ̀gá Ìtọ́jú ti wà nínú yàrá, ó dúró láàárín pẹpẹ. Òun ni olórí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àlàáfíà àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bàtà rẹ̀ kì í dún. Màmá ò fẹ́ràn ẹni tí bàtà rẹ̀ kì í dún.

"Màmá, a gbọ́ nǹkan kan."

"Kí lẹ gbọ́, mà?"

"Wọ́n ní ẹrù inú yàrá yìí ti ń di ọjà níta. Ṣé ẹ̀yin náà gbọ́?"

Ara fu Màmá. Àná lòun rí kẹ́túlù, òní lọ̀gá ti gbọ́. Ta ló sọ fún un? Àbí ẹnì kan ń tẹ̀ lé òun lẹ́yìn? Àbí òun gan-an ni wọ́n rò pó ń tà á?

"Etí mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀, mà."

"Ẹ jẹ́ kó gbọ́ o." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnu nìkan ló fi rín in. "Tẹ́ ẹ bá lè fa ẹni tó ń tà á lé mi lọ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, a ó lé e kúrò nílé ìwé, ọ̀rọ̀ parí, yàrá á wà bó ṣe wà. Tí ò bá rí bẹ́ẹ̀, a máa gbé kámẹ́rà kọ́ sókè yẹn, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan á kọ́kọ́ fi káàdì hàn."

Ó lọ. Màmá ò gbọ́ ìgbà tó jáde.

Kámẹ́rà. Ó ronú kan ọmọ bùláńkẹ́ẹ̀tì ìjọ́sí. Ojú arúgbó kan ṣoṣo ló lé ìyẹn. Ojú tí kì í ṣẹ́ ńkọ́? Ta ló máa gbé bùláńkẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ẹ̀? Wọn ò ní í ti yàrá náà. Ẹsẹ̀ ló kàn máa dá níbẹ̀.

Àti pé, ta ni ọmọ gíga yẹn? Òun tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, báwo lòun ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ga?

Bó ṣe di pé ó ń fura sí gbogbo ẹsẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá sáré wọlé, olè. Ẹni tó bá rọra wọlé, olè. Ẹni tó bá kí i dáadáa, ó ń fi ìkíni bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá kí i ńkọ́? Ẹ̀rí ọkàn ló dì í lẹ́nu. Èyí tó fura sí jù lọ ni onísílípáàsì, torí pé òun ló máa ń pẹ́ jù, báàgì rẹ̀ sì máa ń dún wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀.

Lára ẹrù tí ẹnì kan kó sílẹ̀, Màmá mú dígí kékeré kan, rìbìtì, ó ní ọwọ́ bíi ti ṣíbí. Ó fi sáàárín ìkòkò òdòdó méjì lójú fèrèsé. Ó tì í sọ́tùn-ún, ó tì í sósì, títí ó fi ń rí gbogbo pẹpẹ láìyí ọrùn.

Kò tíì yí àga. Ó ṣì kẹ̀yìn. Ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àṣírí rẹ̀ tú. Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀, ó mú bàtà kan, ó gbórí sókè, ó rí ojú kan láàárín òdòdó. Ó gbé bàtà sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ẹyin. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó ń húkọ́ ò wá mọ́. Ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀, a ò gbúròó ẹ̀. Aṣọ ìtẹ́bẹ̀ẹ̀dì wà bí Màmá ṣe ká wọn. Yàrá dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò.

Sílípáàsì nìkan ló wá. Pà, pà, pà.

Nínú dígí, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òkè ilẹ̀kùn. Òpó-Iná làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Màmá ti ń gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wọn, kò mọ ẹni tó ni ín. Ọmọ náà wo inú dígí tààrà.

"Ẹ káàsán, mà."

Ó ṣí báàgì. Ó gbé kẹ́túlù kan sí i. Ó gbé òmíràn. Ó gbé ẹ̀kẹta. Kò yára, kò sì gbé ojú kúrò lójú Màmá.

Màmá dìde. Ó yí padà.

"Ìwọ ni."

"Èmi ni, mà."

"O ò tiẹ̀ sẹ́."

"Ẹ ti rí mi. Kí ni mo fẹ́ máa sẹ́?"

"Kí lo fẹ́ fi gbogbo ìyẹn ṣe? Ṣé inú omi gbígbóná lò ń sùn ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ já mọ́ ọmọ náà lẹ́nu, ó gbé e mì. "Mi ò nílò kẹ́túlù, mà. Bàtà ni mo nílò."

"Bàtà ló kún pẹpẹ yẹn."

"Ẹ wo ẹsẹ̀ mi."

Màmá wò ó. Ẹsẹ̀ ọmọ náà gùn bí àjẹ̀ ọkọ̀ ojú omi. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ò sí lórí sílípáàsì, ilẹ̀ ló wà. Gbogbo ìgbà òtútù ni Màmá fi ń gbọ́ sílípáàsì yẹn, kò rò ó rí pé ẹni tó wọ̀ ọ́ lè má ní nǹkan mìíràn. Kò sì sí bàtà kan nínú yàrá náà tó lè gba ìdajì ẹsẹ̀ ọ̀hún.

"Ọlọ́jà oríta yẹn ló ń bá mi ṣe pààrọ̀," ni Òpó-Iná wí. "Mo ń kó kẹ́túlù fún un, ó ń bá mi wá bàtà. Kò tíì rí èyí tó gbà mí. Ṣùgbọ́n ó ti rí nǹkan fáwọn ẹlòmíràn."

"Àwọn wo?"

"Ẹnì kan nílò gíláàsì ojú. Ẹnì kan nílò aṣọ olóyún."

"Ta ni?"

Ọmọ náà pa báàgì rẹ̀ dé.

"Mo ní ta ni?"

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní a kì í bèèrè."

Ó lè jẹ́ òótọ́. Kẹ́túlù pọ̀ jù lóòótọ́. Gbogbo ẹni tó ń kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń fi tiẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ti gun ara wọn dé àjà, eruku ti bò wọ́n. Gíláàsì ojú ò sì sí lórí pẹpẹ, aṣọ olóyún ò sí. Ó sì lè jẹ́ irọ́ tó ti hun dáadáa kó tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ parọ́ fún Màmá, ṣé kò ní mọ irú èyí tó máa wọ̀ ọ́ lára?

"Kí ni mo fẹ́ fi mọ̀ pé òótọ́ lò ń sọ?"

"Kò sí, mà."

"O ò tiẹ̀ búra."

"Tí mo bá búra, ṣé ẹ máa gbà mí gbọ́?"

"Rárá."

"Ṣé ẹ rí i."

Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó dúró díẹ̀, bóyá Màmá máa dá a dúró. Màmá ò ní kó lọ, kò ní kó má lọ. Pà, pà, pà. Ó jáde.

Màmá jókòó. Dígí ń fi pẹpẹ hàn án, pẹpẹ tí kò sẹ́ni tó dúró tì í. Ó ti fi ẹni tó ń kó kẹ́túlù hàn án. Ohun tí Màmá fẹ́ mọ̀ gan-an, kò fi hàn. Màmá yọ ọ́ láàárín òdòdó, ó lọ gbé e sórí pẹpẹ, láàárín àwọn kóòmù.

Nígbà tí ọjọ́ tọ́gàá dá pé, ọ̀gá dé.

"Màmá, ta ni ẹni náà?"

"Ẹni wo, mà?"

"Ẹni tó ń tà á."

"Kò sẹ́ni tó ń tà á. Pààrọ̀ ni. Kẹ́túlù pọ̀ jù níbí, èmi ni mo ní kí wọ́n lọ fi gba ohun tá ò ní." Irọ́ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́. Ó ya òun gan-an lẹ́nu.

"Ta lẹ rán?"

"Mi ò wo ojú ẹ̀, mà. Mo máa ń kẹ̀yìn."

Ọ̀gá wò ó títí. Màmá náà ń wo bàtà tí kì í dún.

"Ẹ ń fi nǹkan pamọ́ fún mi, Màmá."

"Ẹ wo òkè yẹn, mà. Ẹ sọ fún mi, ta ló fẹ́ fi gbogbo kẹ́túlù yẹn ho omi?"

Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, ó ń nàka sókè. "Kámẹ́rà kan á wà níbí. Èkejì á wà..." Ìka náà dúró. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá mú dígí, ó wo ara rẹ̀, ó ti irun kan tó yọ jáde padà sábẹ́ gèlè. Ó gbé dígí sílẹ̀. Ó tún mú un.

Ó dákẹ́.

Màmá mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ó ti gbọ́ ọ láìmọye ìgbà: ti ẹni tí nǹkan wù, tí ojú sì ń tì pé ó wù ú. Kó tó ronú sí i, ara rẹ̀ ti yí. Ó jókòó, ó kọjú sí fèrèsé.

Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìró. Lẹ́yìn náà ni síìpù báàgì kan ṣe sííì.

Ẹnu ọ̀nà ni ohùn ọ̀gá ti wá. "Màmá."

"Mà?"

"Dígí ọ́fíìsì mi ti fọ́ tipẹ́."

"Mi ò bèèrè, mà."

"Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná."

Ó ti lọ kí Màmá tó dúpẹ́. *Ná.* Màmá gbé ọ̀rọ̀ náà sókè, ó gbé e sọ̀, kò rí ìdí rẹ̀. Títí dìgbà wo ni ná?

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń padà wá. Ikọ́ kọ́kọ́ dé. Ẹsẹ̀ wíwọ́ tẹ̀ lé e. Àmọ́ Màmá ò lè kọjá ní oríta kó má wolẹ̀.

"Ọmọ gíga yẹn," ló bi ọlọ́jà lọ́jọ́ kan, "kí ló máa ń gbà lọ́wọ́ yín?"

"Màmá, ẹ̀yin yìí, kì í rẹ̀ yín láti bèèrè."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹsẹ̀ kan wọlé tí kò mọ̀. Ó wúwo. Bàtà ni, ìsàlẹ̀ rẹ̀ nípọn. Gbì, gbì, gbì. Kò yà síbì kankan, ọ̀dọ̀ àwọn kẹ́túlù ló lọ. Olè tuntun wo tún nìyí?

"Ẹ káàsán, mà."

Ohùn náà wá láti òkè, lẹ́bàá àjà.

Ọwọ́ Màmá di apá àga mú. Ọrùn ń yún un. Bàtà wo nìyẹn? Báwo ló ṣe rí i? Ṣé ọmọ náà nìkan ló wá rí ti ẹ̀ gbà, gíláàsì àti aṣọ olóyún wá di ìtàn? Láàárín ìkòkò òdòdó méjèèjì, ààyè dígí ṣófo.

"Káàsán," ló sọ fún fèrèsé. "Èyí tó wà lókè pátápátá ni kó o mú. Òun ló pẹ́ jù. Ìwọ nìkan lọwọ́ ẹ tó o."