Ọ̀bẹ Tí Bàbá Kò Fi Kọ́ Ògiri

Bàbá àgbà mi ní Ṣakí kì í dárúkọ ọ̀bẹ láìkọ́kọ́ gbóòórùn àkọ̀ rẹ̀. Ọ̀bẹ ọdẹ oríṣiríṣi kún ara ògiri rẹ̀. Á ní, "Ti Bàrìbá nìyí. Ti Fúlàní nìyẹn."

Mo ra ọ̀kan tí kò yé mi ní ẹnubodè, mo gbé e wá. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó fọwọ́ pa awọ èèkù rẹ̀ títí.

"Èmi ni mo di awọ yìí fún àbúrò mi. Láàyè rẹ̀, kò lè fi í sílẹ̀."

Àbúrò rẹ̀ náà ṣọdẹ lọ, kò padà mọ́. Àwọn ọdẹ ti ń fẹ́ ṣe ètùtù òkú ọdẹ fún un tipẹ́, Bàbá á ní ó ń bọ̀.

Kò fi ọ̀bẹ náà kọ́ ògiri. Ó ní, "Lọ pe àwọn ọdẹ wá."