Ìyá Ìlà àti Ìdè Tí Ọkọ Rẹ̀ Pa

Àwọn wẹ́dà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé òkú kan wà nínú kọ̀ǹpútà ní iléeṣẹ́ wọn. Wọ́n ní bí ìyàwó rẹ̀ bá fa irin kan lójú kọ̀ǹpútà náà, irin mìíràn tí kò fọwọ́ kàn á máa rìn fúnra rẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Ọ̀sán gangan ni mo lọ, torí òkú tó bá dá ara rẹ̀ lójú kò yẹ kó máa sá fún oòrùn.

Ìyá Ìlà ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Ìlà ló ń fà jẹun. Òun àti ọkọ rẹ̀ ló ń ya àwòrán àwọn ẹ̀rọ tí iléeṣẹ́ náà ń rọ, àwọn jáàkì ńláńlá tí ń gbé ọkọ̀ sókè kí mẹkáníìkì lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Yàrá tí wọ́n ń lò kángun sí ibi tí wọ́n ti ń jó irin, èéfín sì ti sọ fèrèsé rẹ̀ di dúdú. Àga méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ti ṣófo láti ìgbà tí jáàkì tí ọkọ rẹ̀ yà já lulẹ̀, tó sì pa á níbi tó ti ń dán an wò. Mo fẹ́ jókòó sórí àga yẹn. Obìnrin náà wò mí. Mo dúró.

"Ọ̀gá ní irin píìnì tó di apá jáàkì mú ni kò dáa," ó wí. "Irin ò lẹ́nu, irọ́ tí wọ́n bá pa mọ́ ọn náà ló máa gbà. Àmọ́ àwòrán yìí kan náà ni wọ́n fẹ́ fi rọ òmíràn, àbúrò ọkọ mi ló sì máa wọ abẹ́ rẹ̀. Mi ò ní sin ẹni méjì nínú ilé kan."

Àbúrò ọkọ tó ń sọ náà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ọkùnrin gìrìwò kan tí gíríìsì kún ọwọ́ rẹ̀. Adúmáadán ni Ìyá Ìlà ti sọ ọ́ láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ.

"Ìyàwó," ọkùnrin náà ní, "ṣé ìwọ àti bọ̀ọ̀dá mi ò tíì parí ìjà yín ni?"

"Adúmáadán, ẹ lọ fọwọ́. Ẹ má fi gíríìsì kun ilẹ̀kùn mi."

"Ilẹ̀kùn ta? O ti rà á lọ́wọ́ ọ̀gá ni?"

Mo ní kí Ìyá Ìlà fi òkú náà hàn mí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ìdè ni. Lójú kọ̀ǹpútà, irin kọ̀ọ̀kan dá wà bí ẹni tí kò lẹ́bí. Ìdè ni yóò sọ fún un pé ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ti tọ̀hún, tàbí pé kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́bàá èyí. Bí ìdè bá wà ní títàn, tí èèyàn fa irin kan, àwọn tó so mọ́ ọn yóò tẹ̀ lé e. Ohun tí àwọn wẹ́dà rí nìyẹn. Bí èèyàn bá sì fẹ́ yẹ irin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á pa ìdè rẹ̀ bí ẹni pa iná, á tún un tàn tó bá ṣe tán. Ọkọ rẹ̀ kì í já ìdè dànù láé. Á ní okùn tó já, tí a tún un so, kò lè ṣaláì ní kókó. Pípa ló máa ń pa á.

"Ibi tí ewu wà," ó ní, "irin tí ìdè rẹ̀ wà ní pípa kì í ṣubú. Ibi tí o fi í sí náà ló máa wà, á máa wò ọ́ bí ẹni tí wọ́n so."

Ó tan gbogbo ìdè tí ọkọ rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ náà gbọ̀n. Apá rẹ̀ kan yí sódì, ó wọ inú èkejì bí ẹni tó ki ọwọ́ bọ àyà ara rẹ̀, àmì àṣìṣe pupa sì bo ojú kọ̀ǹpútà. Adúmáadán fà sẹ́yìn. Èmi náà fà sẹ́yìn díẹ̀, n ò ní purọ́.

"Àwọn ìdè ń bá ara wọn jà ni," Ìyá Ìlà wí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ rẹ̀ ti sọ ìdè kọ̀ọ̀kan lórúkọ: Má-yẹ̀, Tẹsẹ̀-mọ́lẹ̀. Èyí tó di píìnì mú ń jẹ́ Dúró-tì-mí. Nígbà tó pa gbogbo wọn, tó wá tan ìyẹn nìkan, píìnì fò kúrò níbi tó wà, ó sún ní ìbú ìka kan, ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Àmì pupa kankan kò yọ.

"Ìbú ìka kan," Adúmáadán wí.

"Ìbú ìka kan ni mo fi kún apá yẹn."

Oníbàárà ló fẹ́ kí apá náà gùn sí i. Ọkọ rẹ̀ ti jáde lọ bá àwọn wẹ́dà nígbà náà; Ìyá Ìlà jókòó sórí àga rẹ̀, ó fa apá náà gùn, ó dìde. Kò mọ̀ pé ọkọ òun ti pa Dúró-tì-mí kó lè yẹ ẹ̀yìn píìnì wò. Apá gùn, píìnì kò tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe rọ jáàkì náà. Etí ihò lásán ló fi ń di ẹrù mú, bí ẹni fi èékánná di ilẹ̀kùn.

Mo bi í pé ta ló wá jẹ̀bi.

"Òun pa ìdè, kò sọ fún mi. Èmi fa apá, mi ò bi í. Pín in bó o ṣe fẹ́."

Ó tún ìdè náà pa. Píìnì kò padà. Pípa ìdè kì í dá irin padà síbi tó ti kúrò. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Mo fẹ́ rí i níbi tí ọwọ́ ọkọ mi fi í sí lẹ́ẹ̀kan sí i ni," ó wí.

Adúmáadán sún mọ́ ọn. "Ti àwòrán náà láìfi í pamọ́, píìnì á padà síbi tí bọ̀ọ̀dá fi í sí. Tàbí kó o ṣe ẹ̀dà kan fún ara rẹ."

"Kí ẹnì kan ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jọ́ kan, kí wọ́n fi í rọ jáàkì? Rárá o, ọkọ mi."

Ó tan ìdè náà. Bọ́tìnì kan péré ló kù kó fi í pamọ́. Ó pẹ́ kó tó tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán jáàkì tuntun wò, wọ́n gbé bọ́ọ̀sì kan sórí rẹ̀. Adúmáadán ti ń ká apá aṣọ rẹ̀ nígbà tí Ìyá Ìlà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀, tó wọ abẹ́ bọ́ọ̀sì lọ. Ọ̀gá pariwo pé ṣé orí rẹ̀ pé. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé píìnì, ètè rẹ̀ ń mì. Mo rò pé àdúrà ni. Nígbà tó jáde, mo bi í.

"Ọkọ mi ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní píìnì ti wọlé dáadáa, kó jáde kúrò lábẹ́ ibẹ̀."

Mo bi í bóyá ọkọ rẹ̀ jáde. Abẹ́ bọ́ọ̀sì ló ń wò. Adúmáadán náà ń wo ibẹ̀, sípánà lọ́wọ́, kò tíì wọ abẹ́ rẹ̀.