Ògiri Tí Mo Bò Kí Ó Tó Gbẹ

Lásìkò òjò, òórùn sìmẹ́ǹtì tútù ló máa ń gba Ugwuaji kan, nítorí kò sí ibi téèyàn yíjú sí tí wọn kì í kọ́lé. Níbẹ̀ ni mo kọ́lé sí, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ìjọba ti gbé mi wá sí Enugu. Bàbá mi, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè, wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Yàrá tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn ni mo fún wọn, mi ò sì rò ó dáadáa. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, ògiri á gbóná bí ìdí ààrò, Bàbá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gun òkè.

Ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló sọ fún mi nípa pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi òwú òkúta ṣe, ìyẹn òkúta yíyọ́ tí wọ́n ran bí òwú. Ara ògiri lóde ni wọ́n ń kàn án mọ́, wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á kùn ún, ooru kò sì ní wọlé mọ́. Ara mi ò gbà á láti dúró. Bíríkìlà tí mo mú wá láti Uwani, àgbàlagbà bíi tèmi, fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri, ó mi orí.

"Oga, dis wall still dey drink water. Make we wait for harmattan."

"Before dat time, heat go don kill my papa."

"Wall wey you cover wet, na inside room e go cry."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó máa kàn án lọ.

Lóòótọ́, yàrá náà tutù. Bàbá súre fún mi títí. Ọ̀rẹ́ mi, o mọ̀ pé nílé wa, àgbà kì í tọ́ka àbùkù sí ohun tí ọmọ bá fi ṣe é lóore. Láràárọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń kí wọn látẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

"Bí ìkókó ni mo sùn. Ilé rẹ tutù bíi ti òyìnbó."

Mo ń gbọ́ ikọ́ wọn. Mo ní òjò ló fà á.

Ikọ́ náà wá le. Ọjọ́ tí mo fẹ́ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ni mo ṣí agbádá tí wọ́n fi kọ́ sára ògiri yàrá wọn kúrò. Gbogbo ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti bu, ó dúdú láti ilẹ̀ dé ojú fèrèsé, omi sì ń sun jáde lára rẹ̀ bí òógùn.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ fi aṣọ bò ó?"

Wọn ò wojú mi. "Inú rẹ dùn sí i púpọ̀. Mi ò fẹ́ gba ìdùnnú yẹn lọ́wọ́ rẹ."

Àyà wọn kò gbà á mọ́. Òjò ọdún náà kò tíì dáwọ́ dúró tí a fi sin wọ́n.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé mo tọ́jú bàbá mi, wọ́n ní ìwọ̀nba ọmọ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mi ò jiyàn. Ojoojúmọ́ ni mo bi wọ́n bóyá wọ́n sùn dáadáa. Mi ò wọlé lọ́jọ́ kan kí n jókòó.