Díìsìkì Inú Oko Àgbàdo

Ọdún mẹ́tàlá ni Matilda fi ń to fídíò ìsìnkú àti ti ìgbéyàwó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Ìjẹ̀bú-Òde, lórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ tó kú fi sílẹ̀. Káàdì inú rẹ̀ tó ń gbé àwòrán jáde ti darúgbó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kọ̀ǹpútà náà ní òun fẹ́ gba ètò tuntun. Matilda ní kó gbà á, ṣebí ohun tuntun ló ń dára. Ìgbà tó tán, kò dá káàdì rẹ̀ mọ̀ mọ́. Àwọn tó ṣe káàdì ti ṣíwọ́ ṣíṣe díráfà, ètò kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀, fún irú tirẹ̀. Wọ́n ti kó ti àtijọ́ náà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́ẹ̀, Sátidé yẹn ni ìrántí ìyá Micah ará Òdogbolú, Matilda sì ti ṣèlérí fídíò tí ohùn ìyá náà yóò wà nínú rẹ̀.

Ó rántí díìsìkì díráfà tí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ sí lára. Àmọ́ nígbà tí ẹbí ń pín ẹrù olóògbé, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n máa kó páálí díìsìkì lọ, pé kò wúlò. Richard, àbúrò ọkọ rẹ̀, ló kó o lọ sí Ìjagun.

Ó gun ọ̀kadà lọ bá a. Richard mú un dé oko àgbàdo: díìsìkì rèé lórí okùn, wọ́n ń kọ yẹ̀rì nínú oòrùn, wọ́n ń lé ẹyẹ.

"Ìyàwó wa, ìwọ náà lo ní kò wúlò."

Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Matilda ń ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, poro dé poro, títí ó fi rí ìkọ̀wé ọkọ rẹ̀. Òjò ti bó ẹ̀yìn díìsìkì náà. Ó fi etí ìró nù ún.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ gbé e mì, ó kùn, kò rí i kà, ó pọ̀ ọ́ jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Nígbà tí Micah dé lọ́jọ́ Ẹtì, Matilda kò di ẹ̀bi ru iná mànàmáná.

"Iṣẹ́ rẹ ò parí, Micah. Kò sì ní parí lọ́wọ́ mi."

"Mọ́mì, ohùn màmá mi ńkọ́?"

"Ó wà níbí, ó pé. Ẹ̀rọ mi ni ò lè gbé e jáde mọ́."

Ó kó gbogbo ohun tí Micah gbé wá fún iṣẹ́ náà sínú ọ̀rá, ó sì sìn ín dé ṣọ́ọ̀bù Déọlá ní òdìkejì títì, ọmọdé oníṣẹ́ fídíò tí òun kì í kà sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó padà, kọ̀ǹpútà ń dúró dè é. Ó ní ètò tuntun mìíràn tún ti dé.